Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìbọn ìdíje tó ti ń ba ojú àmì, ṣé ká tún náwó lé e?

Ẹ̀yin ọmọ Ògún lákáayé, ọṣìn imọlẹ̀, tí ẹ wà ní Tchaourou àti agbègbè rẹ̀, tí àwọn bàbá yín ti ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ kí a tó gbọ́ pé ìbọn yínyìn jẹ́ eré ìdárayá, ìbéèrè yìí kàn yín.

1. Ní Òlíḿpíìkì, ayìnbọn a dúró ní mítà 50 sí àmì tí àyíká àárín rẹ̀ tó ní máàkì mẹ́wàá kò fẹ̀ ju mìlímítà 10.4 lọ, tí ọta fúnra rẹ̀ sì tó mìlímítà 5.6. Irú iṣẹ́ yìí ni ilé iṣẹ́ Anschütz ti Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1856, ń rọ ìbọn fún.

2. Bí ẹ bá máa náwó lé ìbọn yín, ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Ọ̀pá ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó bá a lára mu, àní ọta olórúkọ kan náà, bí a kò bá ṣe é pa pọ̀, lè fọ́n ká lójú àmì; ìdí nìyí tí àwọn ògbóǹtarìgì fi ń gbé ìbọn wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọta, bíi Eley ní Ìlú Ọba, tàbí Lapua ní Schönebeck ní Jámánì, láti dán ọta wò kí wọ́n tó rà á.

3. Ìdí ìbọn tí kò bá èjìká mu? Ẹ tún un ṣe.

4. Ọ̀pá tuntun ńkọ́? Lójú tèmi, ó di ìgbà tí ọta tó dára jù bá ń fọ́n ká; ẹ má ná owó yín tán lẹ́ẹ̀kan, torí àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọdẹ yín, kí ẹ sì dá sí i nísàlẹ̀.