Ife Méje Tó Ń Kọ́ Ayò

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, fún ọmọ kékeré nílùú Akínmọ̀ọ́rìn kò ní láti dúró de iná tàbí kọ̀ǹpútà. Ife ike méje, àgbàdo, ẹ̀wà àti òkúta wẹ́wẹ́ méje ti tó.

Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 7 sára àwọn ife. Ẹ fi hóró àgbàdo méjì àti ẹ̀wà méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi ife 1 tó jẹ́ àgbàdo nìkan. Ẹ kó òkúta méje sílẹ̀, kí ọmọ kan máa bá àwọn ife ta ayò. Ẹni tó bá kàn á mú òkúta kan tàbí méjì. Ẹni tó bá mú èyí tó kẹ́yìn ló borí. Bó bá kan ife, ẹ ka òkúta tó wà nílẹ̀, kí ọmọ mìíràn dijú, kó tọwọ́ bọ ife tó ní nọ́ńbà yẹn. Bó bá fa àgbàdo yọ, ife mú ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà, méjì. Ẹ fi hóró náà síwájú ife rẹ̀ títí eré á fi parí. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ eré kan, ife ni kó bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.

Ibí ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ife bá borí, ẹ dá hóró rẹ̀ padà, kí ẹ fi irú rẹ̀ kan kún un. Bó bá fìdí rẹmi, ẹ gbà á, kò gbọdọ̀ padà. Ife tó bá ṣófo ti túúbá.

Ẹ wo ife 2. Òkúta méjì ló kù nílẹ̀. Bó bá fa àgbàdo, ó mú ẹyọ kan, ọmọ á sì yára gbé èyí tó kù: àgbàdo kan lọ nìyẹn. Bó bá fa ẹ̀wà, ó kó méjèèjì, ẹ̀wà sì pọ̀ sí i. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀wà nìkan á fi kù níbẹ̀. Ife 3 ní tirẹ̀ lè ṣófo pátápátá. Kí tíṣà pa ẹnu mọ́ (ó ṣòro fún wa, mo mọ̀), kí àwọn ọmọ fúnra wọn wádìí ìdí rẹ̀.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Donald Michie, ti ṣe irú rẹ̀ ní Britain lọ́dún 1961: páálí ìṣáná 304 àti ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà ló fi ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ́ eré X àti O. Ẹ̀rọ òde òní náà ò jìnnà sí i. Nọ́ńbà ló fi ṣe hóró tirẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn.

Ẹ wá yí òfin padà: ẹni tó bá mú òkúta ìkẹyìn ló fìdí rẹmi. Ife 2 á ṣì máa kó méjèèjì bíi ti tẹ́lẹ̀, á sì máa pàdánù. Ohun tí wọ́n ti fi bọ́ ọ nìkan ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ gidi. Lọ́dún 2018, àwọn olùṣèwádìí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń wo ojú ènìyàn mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin wò. Àṣìṣe àwọn ẹ̀rọ náà lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin dúdú, ó tó 34.7.

Fún ọmọ ọdún méje, ọsàn ìlú Fìdítì ni kí ẹ fi ṣàlàyé irú àṣìṣe yìí. Ọsàn ilẹ̀ olótùútù máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tiwa lè pọ́n kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ àwòrán ọsàn òkèèrè nìkan ló rí rí á ní tiwa kò tíì pọ́n. Ẹ bó ọ̀kan níwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n mu ún.