Àga Mẹ́ta Tó Ń Di Ibùsùn

Skycouch, Air New Zealand, 2011. Irin fífúyẹ́ àti fóòmù.

Àga mẹ́ta tó so pọ̀ ni ẹ ń wò yìí. Inú bàálù Boeing 777-300ER ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, lápá ibi tí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú máa ń jókòó. Láti Auckland ní New Zealand dé London, ìrìn-àjò ojú òfurufú lé ní wákàtí 24. Ṣáájú àga yìí, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lójú òfurufú ní láti rówó ìjókòó ọlọ́lá san. Àwọn yòókù á ká orúnkún títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga. Ẹ ó rí ìgbẹ́sẹ̀lé mẹ́ta tó rọ̀ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé wọn sókè, wọ́n á kan ẹ̀yìn àga iwájú. Ìgbápálé á wọnú ẹ̀yìn àga lọ, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó wú wa lórí jù nìyí: wọn ò fi ínǹṣì kan kún ilẹ̀ bàálù náà. Àlàfo orúnkún, tí gbogbo èrò ń ráhùn lé lórí, gan-an ni wọ́n sọ di ibùsùn.

Kò gùn púpọ̀, nǹkan bíi mítà 1.55. Ẹni tó ga á ṣì ká ẹsẹ̀ díẹ̀. Ìyá tó gbé ọmọ dání ló máa ń bá lára mu jù. Wọ́n ṣe bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó dùbúlẹ̀ fi lè dè é mọ́ra láìdìde.