Ẹni Tí Bọ́ọ̀lù Kò Sí Lọ́wọ́ Rẹ̀

Oko Ọba ní Agége máa ń jí kí ìyókù Èkó tó yíjú padà lórí ibùsùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn alápatà ti ń gbé ẹran jáde ní ilé ìpẹran, ọkọ̀ tó ń kó màlúù wọlé ti dí ojú ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀, pápá ìṣeré Agége kò sì jìnnà sí wọn. Tẹníìsì ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ́ sójú márosẹ̀ Abẹ́òkúta láàárọ̀, mo wọ ọkọ̀ BRT dé Òṣòdì, mo tún wọ òmíràn tó já mi sí Tafawa Balewa Square (TBS). Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. N kò tíì dé ẹnu géètì Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkan tí mo ti ń gbọ́ ìró rákẹ́ẹ̀tì.

Ọdún 1895 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Lagos Open tí mo wá wò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, Governor's Cup ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Kì í ṣe Wimbledon, ṣùgbọ́n máàkì tí àwọn ọkùnrin ń gbà níbí, inú ìwé ipò àgbáyé ATP kan náà tí orúkọ Djokovic wà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ohun tó ń gbé ọmọ Yúróòpù àti ọmọ Íńdíà wá jó nínú oòrùn Èkó nìyẹn.

Èkó ti rí tẹníìsì ńlá kí èyí tó dé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, Arthur Ashe, tó gba ife Wimbledon lọ́dún tó ṣáájú, wà nílùú yìí fún ìdíje. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè wa nígbà náà. Nígbà tí àwọn agbátẹníìsì padà sórí pápá lẹ́yìn náà, tí Ashe ń gbá pẹ̀lú Jeff Borowiak, àwọn sójà ya wọlé, wọ́n sì lé gbogbo wọn jáde. Ní Caracas, lórílẹ̀-èdè Venezuela, ni wọ́n ti lọ parí ìdíje náà.

Lórí pápá ńlá, èrò pọ̀. Ẹlẹ́nì kan ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Àwọn tó jókòó síbi ibòji ń mu nǹkan tútù, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí eré náà ṣe parí báyìí ni ọ̀pọ̀ wọn dìde, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn. Ó dùn mí. Torí pé lórí pápá ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ibòji kò sí, ẹlẹ́ni méjì-méjì ti àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọmọ Nàìjíríà méjì, àjèjì méjì tí wọ́n ga bí òpó iná. Èmi lọ jókòó síbẹ̀.

Mo sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ èémí wọn. Nínú eré yìí, pápá náà máa ń fẹ̀ sí i. Ilà ẹ̀gbẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún ẹlẹ́nì kan á wá ṣiṣẹ́; fífẹ̀ rẹ̀ á kúrò ní mítà 8.23, á di 10.97. Ẹni méjì ló máa ṣọ́ ọ, wàhálà sì wà ní àárín wọn, níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ ẹni tó ni bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó ń gbá sáàfù kọ́ ni mo tẹjú mọ́. Èkejì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí nẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò. Ó ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó na ìka kan, ó tún pa á dé. Ẹni ẹ̀yìn mi orí. Sáàfù dún, ẹni nẹ́ẹ̀tì sì ti fò kọjá àárín kí àjèjì tó gbá a padà tó gbé ojú sókè. Ó kàn fi rákẹ́ẹ̀tì gbà á, bọ́ọ̀lù ti kú sílẹ̀. Bí ìka yẹn bá sọ pé òun á dúró, ẹni ẹ̀yìn á ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Nígbà mìíràn, ṣe ló kàn ṣe bí ẹni fẹ́ fò, kò sì fò, àjèjì náà gbá bọ́ọ̀lù síta fúnra rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ló sì jẹ máàkì yẹn.

Òfin ìdíje tún mú kí ó gbóná. Bí ó bá di ogójì-ogójì, kò sí àǹfààní lọ, àǹfààní bọ̀. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló máa parí rẹ̀, àwọn tó ń gba sáàfù ló sì máa yan ẹni tó máa dúró gbà á. Bí ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá mú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í gbá ẹ̀kẹta. Tai-bréèkì ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 10, tó sì fi méjì ṣáájú, ló gbé e.

Ibẹ̀ ni tiwa já sí. Àwọn ọmọ wa pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, wọ́n gba èkejì, ara mi ti yá gágá. Àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó nẹ́ẹ̀tì, ojú wọn kò kúrò lára àwọn ìka yẹn. Mo rí ọ̀kan tó ń fi ọwọ́ tirẹ̀ sín in jẹ lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Ní 8–8, bọ́ọ̀lù gba àárín. Ẹnikẹ́ni kò pe “Tèmi!” Àwọn ọmọ wa méjèèjì yà fún ara wọn, bọ́ọ̀lù kọjá lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sáré sí i, rákẹ́ẹ̀tì kọ lu rákẹ́ẹ̀tì. 10–8.

Kì í ṣe agbára ni wọn kò ní. Nduka Odizor, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, fi agbára yẹn hàn ní Wimbledon lọ́dún 1983, nígbà tí Guillermo Vilas ti fi sẹ́ẹ̀tì méjì ṣáájú rẹ̀, tí Odizor sì padà borí Vilas. Ọ̀pọ̀ èèyàn rántí ìyẹn, ṣùgbọ́n ife méje ni Odizor gbà nínú eré ẹlẹ́ni méjì lágbo àwọn tó ń fi tẹníìsì jẹun, ẹyọ kan péré ló gbà nínú ẹlẹ́nì kan. Ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ohun tó ń béèrè ni kí ẹni méjì máa jọ rìn, kí wọ́n jọ pàdánù, kí wọ́n jọ padà wá, títí tí bọ́ọ̀lù àárín á fi ní ẹni tó ni ín. Owó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìtura fún ẹni méjì ni, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri pápá wa sì lè gbé e.

Nígbà tí eré parí, mo bá èyí tó wà nídìí nẹ́ẹ̀tì níbi tó ti ń tú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti jọ ń gbá.

“Àná la forúkọ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ẹni tí à ń jọ gbá tẹ́lẹ̀ kò rí àyè wá. Ó ń kọ́ àwọn àgbà ní tẹníìsì nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló ti ń jẹun.”

“Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Mi ò tíì mọ ẹni tí mo máa bá gbá, sà.”