Àpá Tí Ń Wú àti Àmì Ara: Ẹ Má Kánjú Mú Abẹ

Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àpá mìíràn wà tí kì í dúró ní ojú egbò tí ó bí i. A lu etí ọmọbìnrin, etí jinná. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kókó líle yọ níbẹ̀, ó ń yún un, ó ń ro ó, ó sì ń dàgbà títí ó fi tóbi ju yẹtí lọ. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kílọ́ìdì. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń bá jà jù, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Kì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń gé e lásán. Egbò ni ó bí kílọ́ìdì. Bí a bá gé e, egbò tuntun ni a tún dá, òmíràn tí ó tóbi ju ti ìṣáájú sì lè hù níbẹ̀. Owó lọ, kókó kò lọ. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á gún abẹ́rẹ́ triamcinolone sínú àpá náà, ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra wọn, fún oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e, wọn a fi abẹ́rẹ́ yìí tàbí ìtànṣán tẹ̀lé e. Sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Ti àmì dúdú ara ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò léwu. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń yí àwọ̀ padà, tí ó ń tóbi tàbí tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná, lè jẹ́ jẹjẹrẹ. A kò gbọdọ̀ fi ásíìdì jó o, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi abẹ fẹ́lẹ́ bó o. Dókítà ni kí ó yọ ọ́, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò.

Ẹni tí kílọ́ìdì bá wà ní ìdílé rẹ̀, kí ó sọ fún dókítà kí a tó fi ọwọ́ kan àmì tí kò dà á láàmú, kí àmì kékeré má baà di kókó ńlá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè kí ẹ tó lu etí ọmọ.