Ṣé O Mọ̀? Fíìmù Manila Tí London Bá Wọn Tọ́jú

Ṣé o mọ̀ pé ooru òun ọ̀rinrin ilẹ̀ Philippines a máa jẹ fíìmù àtijọ́ run, títí tí yóò fi súnkì, tí yóò sì máa rùn kíkankíkan bí ọtí tó ti kan? Ṣùgbọ́n ẹni tó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù: nẹ́gátíìfù (ojúlówó fíìmù tí wọ́n fi ya àwòrán) ti fíìmù «Maynila, sa mga Kuko ng Liwanag» tí Lino Brocka, àgbà ọ̀jẹ̀ olùdarí fíìmù ilẹ̀ Philippines, ṣe ní 1975, ti wà ní ìpamọ́ ní London, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé Bologna ní Ítálì, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà nu ìdọ̀tí àti ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀ ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ti fíìmù, iṣẹ́ sùúrù gbáà ni! Ní 2013, wọ́n fi í han aráyé ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, ó ń dán gbinrin.