Bí Ààyè àti Àkókò Ṣe Di Ọ̀kan

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1908, onímọ̀ ìṣirò Hermann Minkowski dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó pé jọ sí ìlú Cologne ní Jámánì. "Ààyè àti Àkókò" ni àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́.

Ohun tí ayé ti ń gbà gbọ́ látọ̀dọ̀ Newton ni pé bákan náà ni àkókò ń lọ fún gbogbo ẹ̀dá níbikíbi. Albert Einstein ló da èyí rú lọ́dún 1905, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 26. Ó ní eré ìmọ́lẹ̀ kì í yí padà, ẹni tó ń wò ó ì báà dúró, ì báà máa sáré: nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wo ohun tí èyí fà. Rélùwéè ń sáré lọ, wọ́n wá tan iná láàárín rẹ̀ gan-an. Lójú èrò tó jókòó nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìmọ́lẹ̀ kan ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lójú ẹni tó dúró létí ojú irin, ògiri ẹ̀yìn ń bọ̀ wá pàdé ìmọ́lẹ̀, ti iwájú ń sá fún un. Ti ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ kàn. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Minkowski ló ti kọ́ Einstein ní ìṣirò rí ní Zürich, ọ̀lẹ ló sì kà á sí. Síbẹ̀, ó fara balẹ̀ yẹ iṣẹ́ ọmọ náà wò. Ó rí i pé bí iye ìjìnnà àti iye àkókò bá tilẹ̀ yàtọ̀ lójú èèyàn méjì, téèyàn bá ṣírò méjèèjì pọ̀, iye kan wà tí kì í yí. Ẹni tó wo ilé láti iwájú àti ẹni tó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni.

Einstein fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka èyí sí. Kò sì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Cologne tí àìsàn àpẹ́ńdíìsì pa Minkowski, lẹ́ni ọdún 44. Nígbà tí Einstein wá ń wá ìdí òòfà ilẹ̀, orí ìpìlẹ̀ olùkọ́ rẹ̀ ló padà kọ́ iṣẹ́ tó parí lọ́dún 1915 lé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Lónìí, aago inú sátẹ́láìtì GPS, èyí tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà, ń fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan yá ju tiwa lọ lójúmọ́: eré tó ń sá ń fà á sẹ́yìn, jíjìnnà tó jìnnà sí òòfà ilẹ̀ ń tì í síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá tún un ṣe, máàpù inú fóònù lè fi nǹkan bí kìlómítà 10 ṣìnà láàárín ọjọ́ kan. Kí fóònù tó mọ ibi tí a wà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà.