Láti Èkó Lọ sí Orí Òkè: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Fi Ìlú Ńlá Sílẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo òkè kí a tó kó ẹrù lọ sí orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ariwo Èkó, owó ilé, àti ìjókòó pípẹ́ nínú ọkọ̀ ti sú, tí wọ́n sì ń wí pé, "N ó lọ máa gbé orí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ gbé tutù, tí ilẹ̀ sì pọ̀." Èrò rere ni èyí. Ṣùgbọ́n èrò rere nìkan kì í mú iṣu ta.

Òkè kì í ṣe àjèjì sí ìran wa. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, abẹ́ àpáta Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ní ọdún 1830, ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú, àárín àwọn òkè ni a gbé ja ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ààbò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá lọ sí orí òkè. Nígbà tí àlàáfíà dé, ọjà àti ọ̀nà ọkọ̀ fa ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gòkè lọ lónìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wá, kí ó sì mọ ohun tí yóò pàdánù.

Mo mọ káfíńtà kan tí ó fi Èkó sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 19, tí ó kó aya àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí ìletò ìyá rẹ̀, láàrin àwọn òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ká. Ó ta ayùn, ó ta randa, ó ta gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó wí pé àgbẹ̀ ni òun yóò máa ṣe títí ọjọ́ ikú òun. Oṣù Kejì ni ó dé, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí òkè sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó yan ibi tí ó dagun, ó gé gbogbo igi ibẹ̀, ó finá sí i, ó sì kọ ebè gígùn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó gbin iṣu àti àgbàdo.

Ní oṣù Karùn-ún, òjò ńlá méjì rọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Omi gba àárín ebè sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé a la ọ̀nà fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èbù iṣu wà ní gbangba, ilẹ̀ dúdú ti lọ sínú odò, àpáta sì ti yọ orí. Ní oṣù náà gan-an ni ibà mú àbíkẹ́yìn rẹ̀. A ti sọ fún un pé ẹ̀fọn kò sí lórí òkè, nítorí náà kò ra àwọ̀n. Ó fi ewé wẹ ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, gìrì dé. Alùpùpù ni a fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, nínú òjò. Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti di ẹrù sílẹ̀, ó ní Èkó ni òun ń padà sí.

Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni bàbá àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí wá kí i. Ó wo oko náà títí, ó sì wí pé, "Ọmọ mi, omi kò ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ ni o la ọ̀nà fún un."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ kọ́ mi."

Ohun tí a kọ́ ọ nìyí, ó sì wúlò fún gbogbo ẹni tí oko rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ìbú òkè ni a ń kọ ebè sí, a kì í kọ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí ebè lè tẹ́ dọ́gba, mú igi méjì tí ó gùn dọ́gba, bí ẹsẹ̀ bàtà 6. So orí wọn pọ̀, ya ẹsẹ̀ wọn, kí o sì fi igi kẹta há wọn láàrin, bí lẹ́tà A. So okùn tí òkúta wà nídìí rẹ̀ mọ́ orí igi, kí ó rọ̀ kọjá igi àárín. Gbé e nàró, sàmì sí ibi tí okùn kan igi àárín. Yí i padà, kí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ojú ẹsẹ̀ kejì, kí o sì tún sàmì. Agbede méjì àmì méjèèjì ni ibi ìdọ́gba. Máa gbé e rìn ní ìbú òkè. Ibikíbi tí okùn bá bọ́ sí àmì ìdọ́gba, kan èèkàn sí ìdí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ojú àwọn èèkàn wọ̀nyí ni kí ebè rẹ máa tọ̀. Láàrin oko, to òkúta tàbí gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ìlà kan náà, kí ó máa dá ilẹ̀ dúró. Ibi tí ó bá dagun jù, fi í sílẹ̀ fún igi. Má ṣe finá sí koríko gbígbẹ. Fi bo ilẹ̀.

Ní ti ìlera, òótọ́ ni pé òkè tutù. Bí a bá gòkè ní 1,000 mítà, òtútù a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lé sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè ilẹ̀ Yorùbá kò ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn sì ń gbé ibẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, kò tún sí àwíjàre fún wa. Sùn lábẹ́ àwọ̀n tí a ti fi oògùn sí. Bí ara ọmọ bá gbóná, jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì, kí o sì lo oògùn tí a bá fún un tán. Gìrì kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Omi orísun òkè dára lójú, ṣùgbọ́n mímọ́ gaara kì í ṣe àìlẹ́gbin. Sè é kí o tó mu ún. Gbẹ́ ṣáláńgá rẹ sí ìsàlẹ̀ orísun omi, kí ó sì jìnnà sí i tó 30 mítà ó kéré tán. Má ṣe kọ́ ilé sábẹ́ òkúta tí ó yẹ̀ ní ìdí.

Kí o tó kó lọ, lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí o sì tún lọ wò ó nígbà òjò. Béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀, kí ẹ sì kọ àdéhùn yín sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ní oúnjẹ tàbí owó ọdún kan lọ́wọ́, nítorí iṣu kì í ta lóṣù mẹ́ta. Jẹ́ kí aya rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣe ta irin iṣẹ́ rẹ.

Aya káfíńtà náà gbà láti dúró ní ọdún kan sí i. Òjò ọdún kejì kò kéré sí ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúró. Iṣu wọn kò pọ̀, ó sì tó wọn jẹ. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin náà lọ sí Èkó ní oṣù Kejìlá, ẹ̀rù bà mí. Mo bi í léèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá, Tíṣà. Ayùn ni mo lọ rà. Gbogbo ìletò yìí ni ó fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn."